Irúgbìn Tó Wà Nínú Oko Etí Ọ̀nà

14 Oṣù Karùn-ún

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀léra: kùrukùru tó bo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí omi inú abọ́, àgùntàn mẹ́ta tí kò ní olùṣọ́, ọ̀kan ń tiro, ọkọ̀ kan láti Bologna tí ẹnì kan sùn sínú rẹ̀ mọ́jú, gíláàsì rẹ̀ ti rin láti inú, Bàbá mi ní ìdúró létí oko, fìlà lọ́wọ́, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ wa tó ti yọ ní ìwọ̀n ìka méjì, èpò tó ti yọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo rí Màmá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà ilé pákó wa, ó ń pọ́n ìwọ̀ tó fi ń tu èpò.

Ìlà méjìlélógún ni oko náà. Gbogbo irúgbìn tí a ní ló wà nínú wọn. Yìnyín ọdún tó kọjá kó ìkórè lọ, àpò kan péré ló yọ. Nígbà tí Bàbá mi gbìn ín tán, ó dojú àpò náà délẹ̀, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀ sínú ilẹ̀. Irúgbìn tí ìyá Màmá Àgbà gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Lọ́dún tí ilẹ̀ mì tí ilé wa wó, Bàbá mi padà wọ abẹ́ òrùlé tó ń já lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò mú fọ́tò kankan jáde. Màmá mi ò tíì dárí ìyẹn jì í. Ìlú Terni ló ń gbé láti ìgbà náà, kò lè sùn lábẹ́ òkè yìí mọ́.

Bí eléyìí bá bàjẹ́, kò sí òmíràn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa sọ lẹ́yìnwá pé mi ò mọ̀.

18 Oṣù Karùn-ún

Bọ̀ọ̀dá Ubaldo wá mu kọfí. Ọmọ àbúrò bàbá-bàbá mi ni. Òun ló ni ẹṣin mẹ́sàn-án tí àwọn àlejò ń gùn, òun náà ni alága ẹgbẹ́ tó ń gbàlejò ní Collevento, ìlú wa, òun sì ni ọ̀gá mi títí di òpin Oṣù Kẹjọ. Mo ń mú àlejò rin pẹ̀tẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Sátidé mo máa ń bá wọn lọ sí ìlú Spoleto.

"Ẹ̀gbọ́n, oko etí ọ̀nà yẹn, ẹ má ro ó lọ́dún yìí."

Bàbá mi ń gé búrẹ́dì. "Kí wá ni kí n máa fi ṣe? Kí n máa wò ó?"

"Ẹ̀yin kọ́. Àwọn àlejò ni yóò máa wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òdòdó pupa, òdòdó aláró, òdòdó yẹ́lò. Àbí ẹ rò pé ewé ẹ̀wà ni wọ́n ń wá wò láti Milan?"

"Èpò lo ń pè ní òdòdó yẹn."

"Èpò tó ń bọ́ wa nìyẹn o, Ẹ̀gbọ́n."

"Irúgbìn mi wà níbẹ̀, Ubaldo."

"Ẹ̀wà ni, kì í ṣe egungun ẹni mímọ́."

Màmá Àgbà gbójú sókè, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí Bọ̀ọ̀dá Ubaldo ò fi mọ ibi tó máa gbé ife rẹ̀ sí mọ́.

Bó ṣe ń lọ, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tilla, ìwọ lo kàwé nínú ilé yìí. Bá a sọ̀rọ̀. Tìẹ ni yóò gbọ́."

19 Oṣù Karùn-ún

Mo bá a sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún un pé ìjọba ní ká lo ilé pákó yìí fún ọdún méjì, ó ti di méje, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò rí wa. Mo ní bí àwòrán oko wa bá kárí ayé, ojú á ti àwọn tó yẹ kí ojú tì, wọ́n á wá kọ́ ìlú wa. Mo sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà wà létòlétò lẹ́nu mi bí èyí tí mo máa ń sọ nínú bọ́ọ̀sì.

Bàbá mi bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Ṣé ẹ̀wà á ṣì so?"

"Á so. Díẹ̀ ni èpò máa gbà níbẹ̀."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí "díẹ̀" yẹn.

Màmá Àgbà ní, "Ta ló sọ fún ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni, Màmá."

"Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ lo lọ." Ó dìde, ó lọ fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ sára ògiri.

Bàbá mi gbà.

27 Oṣù Karùn-ún

Ìrì dì lórí ilẹ̀. Òdo ni òǹkà òtútù ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ̀wà tẹrí ba. Èpò ò mira.

3 Oṣù Kẹfà

Àwọn àlejò ti dé. Kọfí di yúrò méjì fún wọn, yúrò kan àti sẹ́ǹtì ogún fún wa. Ìyá oníkọfí kì í wo ojú ènìyàn kó tó dá iye lé e, bàtà ló ń wò. Bàtà tó bá mọ́, yúrò méjì.

Mo mú àwọn mọ́kànlá rin wákàtí mẹ́rin. Ọkùnrin kan bi mí bóyá àfọ́kù ilé tó wà lókè yẹn ti wà láti ayé àwọn ará Róòmù. Mo ní rárá, yàrá mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣàwàdà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

8 Oṣù Kẹfà

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, àga Màmá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo rí i nínú oko etí ọ̀nà, ní ìpẹ̀kun tó kan ògiri òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tu èpò. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Nígbà tó wà lọ́mọge, ogún obìnrin ló máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú oko nínú oṣù yìí, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa tu èpò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, òun ló sì máa ń ṣíwájú. Ẹni tó bá rìn yára ju òun lọ, á bú u. Ẹni tó bá fa ẹ̀wà mọ́ èpò, á bú u ní ìlọ́po méjì. Lónìí òun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì kọrin.

Bàbá mi ti dúró tì í. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, a ti ṣèlérí fún Ubaldo."

"Ìwọ lo ṣèlérí. Èmi ò ṣèlérí nǹkan kan fún un."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ni, èmi ló sì ń dùn. Kò dun ìwọ. Ìlà mẹ́ta péré ni mo fẹ́. Tí èyí tó kù bá kú, mẹ́ta yìí á mú irúgbìn jáde. Kúrò nínú oòrùn mi."

Mo ní kí n ran án lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ bá àwọn àlejò rẹ."

10 Oṣù Kẹfà, Sátidé

Spoleto. Ooru ìwọ̀n mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bọ́ọ̀sì ò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Mo sọ ti afárá gíga tó wà níbẹ̀, mo sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Mo dárúkọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n bi mí pé ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Obìnrin kan láti Milan, onírun funfun, ohùn rẹ̀ rọra, ó jókòó tì mí nígbà tí a ń padà. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ibi tiyín ló wù mí jù. Spoleto ti kún jù. Tiyín dákẹ́, ó ti wó díẹ̀, ó ń wọni lọ́kàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un kọ́ o. Wọ́n á bà á jẹ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹ ṣé, mà.

25 Oṣù Kẹfà

Gbogbo òdòdó ti là. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ pupa, ó di aláró níbi tó rọlẹ̀, ó funfun lẹ́bàá omi. Mo ka ọkọ̀ láti orí òkúta: ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ní aago méjìlá ọ̀sán, ìyẹn láìka alùpùpù. Àwọn tó ń fi aṣọ ńlá bí agboòrùn fò lójú ọ̀run ń já bọ́ láti orí òkè, ọ̀kan balẹ̀ sínú ìlà kẹsàn-án wa, ó ká aṣọ rẹ̀ jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì tọrọ omi.

Oko wa ló dára jù lọ létí ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá Ubaldo ti ṣe àwòrán rẹ̀ ní ńlá, ó lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú Norcia. Kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀. Mo wò ó títí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo ya òdòdó sọ́tọ̀, mo máa ń rí ẹ̀wà nísàlẹ̀, ó tín-ínrín, ó ti ṣá bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Èpò tí Màmá Àgbà ń pè ní ayédèrú ti lọ́ mọ́ ọn lára láti ìdí dé orí. Èpò yìí nìkan ni kì í pariwo. Òdòdó rẹ̀ kéré, èso rẹ̀ sì jọ ti ẹ̀wà wa bí ìbejì.

29 Oṣù Kẹfà

Àwọn àlejò kan lọ fẹjọ́ sun Bọ̀ọ̀dá Ubaldo pé orí oko náà pá ní ìpẹ̀kun kan. Ó wá bá Màmá Àgbà, ó ṣí fìlà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń hàn nínú fọ́tò."

"Kí ló ń hàn?"

"Ibi tí ẹ tu. Kò sí òdòdó níbẹ̀."

"Ẹ̀wà ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Màmá. Àmọ́ ẹni tó wakọ̀ fún wákàtí mẹ́fà..."

"Wákàtí mẹ́fà? Kó bá mi dúró wákàtí mẹ́fà lórí orúnkún, kó tó máa sọ ohun tó ń hàn." Ó tu èpò kan nílẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò, ó nà án sí i. "Gbà. Òdòdó rẹ nìyí. Lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì.

2 Oṣù Keje, ọjọ́ Àìkú

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún. Àwọn méjìdínlógójì sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ńlá kan. Mo tò wọ́n sétí oko, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti sọ ọ́: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ òdòdó. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí òdòdó, ẹ má wọ ibẹ̀." Wọ́n mi orí. Ènìyàn rere ni wọ́n. Obìnrin àgbà kan ń bì nítorí kọ́nà òkè; mo dì í mú, mo mú un lọ sí ibi tí òjìji wà, mo wá omi fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá méjìlá.

Nígbà tí mo padà, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ká aṣọ sókè kó má bàa kan òdòdó kankan. Ìlà mẹ́ta Màmá Àgbà ni wọ́n ń rìn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni kò ní òdòdó nínú gbogbo oko náà. Wọ́n rò pé ọ̀nà ni. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré rí wọn, àwọn náà tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin kan ju ọwọ́ sí mi tayọ̀tayọ̀: "Sìnyọ̀rínà, a ò tẹ ẹyọ kan o."

Òótọ́ ló sọ. Wọn ò tẹ òdòdó kankan.

Mi ò pariwo. Ohùn mi kì í lè pariwo. Mo sáré wọ ibẹ̀, mo na apá méjèèjì, mò ń sọ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ jọ̀wọ́, àwọn kan rò pé mo fẹ́ bá wọn ya fọ́tò.

Màmá Àgbà dé ní aago mẹ́rin pẹ̀lú ìwọ̀ rẹ̀. Ó dúró lórí ìlà náà, ó fi ẹsẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò, ó ti le bí ojú títì.

"Ta ló ní kí wọ́n gba ibí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí lo sọ fún wọn?"

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Wọ́n gbọ́ràn," ó sì yí padà lọ sílé.

3 Oṣù Keje

Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Ubaldo, kò fún mi, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Láti aago márùn-ún ìdájí mo ń gbé igi ẹ̀wà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi ilẹ̀ ti ìdí wọn. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta ló ń dúró. Bàbá mi wá, ó kúnlẹ̀ sí ìlà kejì, kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

19 Oṣù Keje

Òdòdó ti gbẹ. Ọkọ̀ mẹ́rin péré lónìí. Mo kó ìgò omi mẹ́tàdínlógún nínú oko, àti ìlédìí ọmọ méjì, ìdè irun kan, àti gíláàsì ojú kan tí apá kan rẹ̀ ti ṣẹ́.

Kò tíì sí ẹni tó wá kọ́ ìlú.

31 Oṣù Keje

Ìkórè. A bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ kí èèpo ẹ̀wà má bàa bẹ́. Fífà lọ́wọ́ ni, ẹ̀rọ ò lè wọ ibẹ̀, èpò ti dì í pọ̀. Ìlà méjìlélógún mú àpò méjì jáde. Láyé ìgbà tí wọ́n ń ro ó, mẹ́rìndínlógún ni.

Ìlà mẹ́ta Màmá Àgbà ò kún agbada kan. A dà á mọ́ èyí tó kù, torí èpò ti wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ náà tí kò ti padà lọ síbẹ̀ mọ́.

2 Oṣù Kẹjọ

Èmi àti Bàbá gbé ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ sí Norcia, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó máa ń yẹ irúgbìn wò. Ó tú u sórí tábìlì, ó ń fi ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ka ọgọ́rùn-ún. Mẹ́tàdínláàádọ́ta jẹ́ ayédèrú.

"Evaristo," ó pe Bàbá mi lórúkọ, "o ò gbọdọ̀ gbin èyí. Tó o bá gbìn ín, lọ́dún tó ń bọ̀, ayédèrú nìkan lo máa ká."

"Ṣé kò sí ẹ̀rọ tó lè yà á?"

"Èyí tó bá rí róbótó, ẹ̀rọ á yà á. Tiyín pẹlẹbẹ bí ẹ̀wà gan-an. Ó ti ń bá ẹ̀wà yín gbé tipẹ́, ó ti kọ́ ìrísí rẹ̀." Ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ padà sínú ọ̀rá. "Ra irúgbìn míì. Ó wà. Ó mọ́."

Àwòrán oko wa wà lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀. Bàbá mi rí i. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo oko ẹlòmíràn.

Nínú ọkọ̀, a kọjá gbogbo kọ́nà òkè. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ ò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbà ọ́ gbọ́ ni."

4 Oṣù Kẹjọ

Màmá Àgbà gbé tábìlì síta, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e. Ó bá mi sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan. "Jókòó. Ojú ẹ̀wà, ìyẹn ibi tó ti kúrò lára èèpo, kúrú, ó sì funfun. Ti ayédèrú gùn, ó dúdú díẹ̀. Ṣa ti ẹ̀wà sọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, jù ú nù."

A ṣà á láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Abọ́ kan péré ló kún.

7 Oṣù Kẹjọ

Bọ̀ọ̀dá Ubaldo kọjá lórí ẹṣin. "Ẹ ṣì wà lórí ẹ̀wà yẹn? Mo lè bá yín ra àpò kan ní Norcia lọ́la."

Màmá Àgbà ò gbé ojú sókè. "Ubaldo, ẹṣin rẹ ti ń ṣu sẹ́nu ọ̀nà mi."

Ó ní àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní ṣé mo máa wá. Mo ní mi ò wá mọ́. Mi ò tíì ronú lé e kí n tó sọ ọ́.

9 Oṣù Kẹjọ

Èjìká mi ò ṣeé gbé sókè mọ́. Mo lálàá pé mò ń ṣa ìrẹsì, pé gbogbo rẹ̀ ní ojú.

12 Oṣù Kẹjọ

Mo rí nǹkan kan láàárọ̀ yìí tí mi ì bá fẹ́ rí. Màmá Àgbà lọ bu omi. Mo fẹ́ da abọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi, mo sì kọ́kọ́ wò ó nítorí pé mo máa ń wo gbogbo nǹkan. Ojú gígùn, ojú dúdú, ojú kúkúrú, wọ́n wà pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ka ọgọ́rùn-ún bí ti ọkùnrin Norcia. Méjìlélógójì jẹ́ ayédèrú. Mo wo ti àná, tó wà nínú ìkòkò lọ́tọ̀. Bákan náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jókòó síbẹ̀, tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gbé wọn sún mọ́ ojú, tó ń jù wọ́n síbí àti sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ ò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Ó padà dé, ó jókòó. Ó gbọ́ pé ọwọ́ mi dúró.

"Ṣé tèmi mọ́?"

"Ó mọ́, Màmá."

Ó ṣa bíi mẹ́wàá sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, jẹ́jẹ́, "Àwọn àlejò lo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún."

Omi ń hó nínú kẹ́túlù.

"Tilla. Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún?"

"Méjìlélógójì, Màmá."

Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ó ti abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì, ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó jókòó, ó kọ ojú sí òkè.

"Bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi," ó ní. "Máa fọhùn bí o bá ń jù ú nù, kí n lè mọ̀ pé ò ń jù ú nù."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá rí ayédèrú, mo máa ń sọ pé "ó lọ," ó sì máa ń mi orí. Bàbá mi ti oko dé, ó dúró gbọ́ díẹ̀, ó wọlé láìbéèrè.

14 Oṣù Kẹjọ

Ó parí. Kílò mẹ́fà àti díẹ̀ péré ló dá wa lójú pé ẹ̀wà ni. Bàbá mi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó rò pé yóò pọ̀ sí i. Ó tó ìlà méjì, bí a bá gbìn ín ní fọ́nká. Ìlà méjì nínú méjìlélógún, èmi ni mo sì fa àdánù ogún tó kù. Bí òjò dídì ò bá pẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bí yìnyín ò bá já, bí ẹni kankan ò bá gba ibẹ̀ kọjá.

Màmá Àgbà ní kí n mú ìwọ̀ náà wá. Ó fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, ó ní kò mú tó, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Ó mú ọwọ́ mi lé orí òkúta. Ó ní mò ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ó sọ ọ́ ní ìgbà mẹ́fà. Kò bú mi.

Ó rẹ̀ mí débi pé mo dùbúlẹ̀ ní aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìrọ̀lẹ́.